Etí Ọlábánjí àti Gìtá Rẹ̀

Ní ọdún 1978, nígbà tí ọ̀pọ̀ fúláàtì tó wà ní Festac Town ṣì ń rùn ọ̀dà, Ọlábánjí àti Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kó wá sí ilé kan tó dojú kọ Sẹ́kọ́ńdì Áfẹ́níù. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ni Ọlábánjí ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ síbi tí wáyà bá ti já, tàbí ibi tí ohùn kò bá ti lọ geere mọ́. Nọ́ọ̀sì ni Àyìnkẹ́. Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń sùn sí ní Abẹ́òkúta, nítorí náà àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé inú ilé ọ̀hún, ilé a sì máa pa rọ́rọ́.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́, gìtá ni Ọlábánjí fẹ́ràn jù láyé. Gìtá oníná ni, èyí tó ti ń ta láti ìgbà tó wà lápọ̀n. Ní ọ̀sán Sátidé, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn a máa pàdé nínú gáréèjì kan ní Agboju láti ta háílàìfù. Sùrájù, awakọ̀ kan tó ń gbé àdúgbò náà, ló ń lu ìlù fún wọn, òun náà ló sì ń kó wọn jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ orin fún ayẹyẹ ìkíni-káàbọ̀ tàbí ìfẹ̀yìntì níbi iṣẹ́, Sùrájù ni wọ́n máa ń wá.

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, Ọlábánjí ṣàkíyèsí pé gìtá òun kò ké bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohùn tó máa ń jáde ṣánṣán bí ìgbà tí ṣíbí bá kan ife gíláàsì ti wá dà bí ohùn ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Ó pààrọ̀ okùn rẹ̀. Kò yí padà. Ó yí bọ́tìnì ẹ̀rọ agbóhùnsókè títí kò fi lè yí mọ́. Ohùn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò mú.

Ẹlòmíràn ì bá ní gìtá ló bàjẹ́. Ọlábánjí kò rò bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

Ilé ìlagi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá rẹ̀, Pa Akíntúndé, ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Kí bàbá náà tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún ni etí rẹ̀ ti di. Ó ti sọ fún Ọlábánjí nígbà kan pé ohùn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Òun kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun rí ẹyẹ lórí igi, òun rí i tó ń la ẹnu, òun kò sì gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn obìnrin lọ, kó tó wá di pé gbogbo rẹ̀ pòórá. Ìgbà tí Ọlábánjí wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ a máa pariwo mọ́ bàbá lójú àlejò, bàbá a sì rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò a wá máa wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ tí èrò yìí ti wọ inú Ọlábánjí ni ó ti ń rí ẹ̀rí rẹ̀ káàkiri. Àyìnkẹ́ pè é láti kíṣìnì, kò gbọ́. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kí i ní àtẹ̀gùn, ó kọjá lára rẹ̀ láìdáhùn. Ó jókòó sí bákónì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ láti wá ohùn ẹyẹ kiri, bí kò bá sì gbọ́ èyíkéyìí, kò ní bi ara rẹ̀ bóyá ẹyẹ kankan tilẹ̀ wà nítòsí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ọlábánjí kò sunkún, síbẹ̀ kò ríran.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n máa fi ẹni tí kò gbọ́ràn ṣe nílé iṣẹ́ tẹlifóònù? Kí sì ni Àyìnkẹ́ máa ṣe? Kò fẹ́ kí ìyàwó òun di ẹni tó ń pariwo mọ́ òun lójú àlejò. Ohun tó pinnu ni pé òun yóò wá píkọ́ọ̀pù mìíràn fún gìtá náà, èyí tó bá mú jù lọ, kí òun lè rí nǹkan gbọ́ fún ọdún díẹ̀ sí i.

Kì í ṣe píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó ẹrù ni mo ń wí. Nǹkan kékeré kan tó wà lábẹ́ okùn gìtá oníná ni. Irin mágínẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n wá fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí wé e káàkiri. Bí okùn bá ti gbọ̀n, òun ni yóò gbọ́ ọ, tí yóò sì gbé e gba inú wáyà lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Òun ni etí gìtá.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bernice ló lọ. Obìnrin yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun ló sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Trade Fair parí, ó ra ìyókù ọjà lọ́wọ́ àwọn tó pàtẹ ohun èlò orin, ó sì sọ pálọ̀ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín fèrè, ìlù àti páálí.

"Ẹ káàsán mà, Àǹtí."

"Bánjí, káàbọ̀. Ṣé okùn lo wá rà?"

"Rárá mà. Píkọ́ọ̀pù ni."

Ó gbé páálí kan wá, ó sì to mẹ́ta sórí tábìlì. Ó na ọwọ́ sí èyí tó fẹ̀ jù. "Ìdì wáyà méjì ló wà nínú eléyìí. Ohùn rẹ̀ nípọn, kì í sì í kùn. Ti àárín yìí, ohùn tirẹ̀ mọ́, ó sì kún. Ṣùgbọ́n èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, mi ò ní tàn ọ́, ó mú bí abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ti rà á rí, ó dá a padà. Ó ní ó ń gún òun létí."

"Òun ni mo fẹ́, mà."

Àǹtí Bernice bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò ó. "Háílàìfù lo ń ta. Kí lo fẹ́ fi ohùn abẹ́rẹ́ ṣe?"

"Ohùn gìtá mi ti ń wọlẹ̀ ni, mà."

"O ti yẹ èyí tó wà nínú rẹ̀ wò?"

Ọlábánjí, ẹni tó ń yẹ wáyà wò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò tíì yẹ ti gìtá tirẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ó dáa," ni Àǹtí Bernice wí. "Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gbé e padà wá. A ò ní jà."

Ní àárọ̀ Sátidé, Àyìnkẹ́ kò lọ síbi iṣẹ́. Ó wà ní kíṣìnì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọlábánjí tẹ́ aṣọ àtijọ́ sórí tábìlì ìjẹun, ó gbé gìtá lé e, ó sì tú gbogbo okùn rẹ̀. Ó yọ súkúrù kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú ṣọ́sà tíì kí wọ́n má baà sọnù. Nígbà tó gbé ike funfun tó bo àyà gìtá náà kúrò, eruku ọdún pípẹ́ wà níbẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá a.

Píkọ́ọ̀pù méjì ló wà nínú gìtá náà, ìbejì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe pọ̀. Ọ̀kan wà lápá ọrùn gìtá. Ohùn tìyẹn ti rọ̀ láti ilẹ̀ wá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, Ọlábánjí kì í sì í lò ó. Èkejì wà lápá ìdí. Òun ló máa ń lò nígbà gbogbo, òun ló sì fẹ́ yọ.

Ó ki irin ìyọ́lẹ́ẹ̀dì bọ iná. Nígbà tó gbóná, ó fi kan ibi tí wáyà píkọ́ọ̀pù náà ti lẹ̀, lẹ́ẹ̀dì yọ́, wáyà jábọ́. Ó yọ ti àtijọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò súkúrù ti tuntun kò bá ti gìtá mu, ó ní láti fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n irin ha etí irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ha á, ó wọ̀n ọ́n, ó tún ha á. Nígbà tó jókòó síbẹ̀ dáadáa, ó dè é, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì tuntun lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ. Èéfín kékeré kan rú, ó sì fẹ́ ẹ dànù.

Iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí kíákíá ni, ṣùgbọ́n Ọlábánjí ń fà á. Ó ń nu ohun tó ti mọ́. Ó ń yí súkúrù tó ti le. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ohùn èyí náà bá tún kú, a jẹ́ pé kò sí ohun tí òun lè fi tan ara òun jẹ mọ́.

Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ó fa okùn tuntun sí i, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó tan ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó sì yí bọ́tìnì dé ibi tó máa ń yí i dé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka kan okùn tó tín-ín-rín jù.

Ohùn náà jáde bí ìgbà tí àwo bá fọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Ọlábánjí fò sókè lórí àga. Ajá ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Àyìnkẹ́ jáde láti kíṣìnì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà létí. "Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Eyín ń kan mí."

Ọlábánjí dín in kù. Ó tún ta á, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn náà ṣì mú, ó dá ṣáká. Ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe fi okùn sílẹ̀, ó gbọ́ bí okùn ṣe ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dín in kù títí tó fi kéré bí ọ̀rọ̀ àsọkẹ́lẹ́, ó ṣì gbọ́ ọ.

"Ṣé ó mú lóòótọ́?" ló bi Àyìnkẹ́.

"Ó mú jù."

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gbọ́ ọ."

"Báwo lẹ ṣe rò pé ẹ máa gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀?"

Ọlábánjí pa ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ó dìde, ó lọ gbé mítà rẹ̀ wá láti inú àpò iṣẹ́, èyí tó fi ń mọ̀ bóyá wáyà tẹlifóònù dá ṣáká. Ó kọ́kọ́ tú ẹnu píkọ́ọ̀pù tó wà lápá ọrùn gìtá, ó fi mítà kàn án. Abẹ́rẹ́ mítà rọra gbéra, ó sì dúró níbi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ dúró sí bí ara wáyà bá le. Ó wá mú èyí tó yọ láti ìdí gìtá, ìkejì rẹ̀ tó yẹ kó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀, ó fi mítà kan òun náà. Abẹ́rẹ́ fò kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpẹ̀kun.

Ó tún un ṣe. Bákan náà ni.

Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún Ọlábánjí. Iná kò gba gbogbo ìdì wáyà náà yípo mọ́. Ó ń gba àbùjá. Ó fi ọ̀bẹ tú àlẹ̀mọ́ tó bo ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù náà, ó rí i pé wáyà bàbà ibẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti ń wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rinrin òjò sì ti wá parí iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé wáyà tẹlifóònù oníbàárà kan ló ṣe báyìí, kò ní gbà á ju àkókò tí èèyàn fi ń mu ife omi kan lọ kó tó rí ìdí rẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì, mítà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?" Àyìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún aláìsàn. "Àbí iná gbé yín ni?"

"Rárá. Gìtá ni," ni Ọlábánjí wí. "Àyìnkẹ́, gìtá ló bàjẹ́. Kì í ṣe etí mi."

"Kí ló ṣe etí yín?"

Ó wá sọ fún un. Ó sọ ti bàbá rẹ̀ àti ti ẹyẹ, ó sọ ti bákónì, ó sọ bí òun ṣe ń bẹ̀rù ọ́fíìsì ní gbogbo àárọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Àyìnkẹ́ náà jókòó tì í sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù pẹ̀lú omi ẹ̀wà. Nígbà tó parí, obìnrin náà gba mítà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Mo rò pé ẹ ti ní ẹlòmíràn ni," ló wí.

"Èmi?"

"Ẹ kì í dá mi lóhùn mọ́. Mo máa pè yín, ẹ máa dákẹ́. Mo máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn fún yín, ẹ máa wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ògiri. Mo ní ó dáa, ilé tuntun, ọ̀rẹ́ tuntun."

"Ẹnu rẹ ni mo ń wò kí n lè mọ ohun tí ò ń sọ."

Àyìnkẹ́ fi etí ìró bo ojú. Ọlábánjí rò pé ó ń sunkún, àfi ìgbà tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó wá rí i pé ẹ̀rín ni, tàbí pé ẹkún àti ẹ̀rín ló jọ dé pọ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi ẹ̀wà ń hó dànù ní kíṣìnì, kò sì sẹ́ni tó dìde.

"Ṣùgbọ́n kí ló wá dé tí n kì í fi gbọ́ ọ nígbà tí o bá ń pè mí?" ni Ọlábánjí bi í nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀.

"Ọkàn yín ni kò sí nílé. Ẹ jókòó síbí látàárọ̀ títí di alẹ́, etí yín lẹ̀ ń tẹ́tí sí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbọ́ tèmi?" Ó nu ojú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì lẹ fẹ́, Bàbá Ẹ̀bùn. Nọ́ọ̀sì. Ẹ wá ń dá gbé irú ẹrù yìí kiri."

Àyìnkẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ bá dókítà etí kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Dókítà náà tan iná wo inú etí Ọlábánjí, ó gbé nǹkan tó ń dún sún mọ́ ọn, ó gbé e jìnnà sí i, ó ní kó máa nawọ́ bó bá ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ló bi í ní iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe.

"Ilé ìlagi ni, sà."

"Ṣé ó máa ń fi nǹkan dí etí?"

"Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà."

"A jẹ́ pé ariwo ayùn ló ba etí bàbá yín jẹ́. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún. Etí tiyín le." Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ má máa dúró sí iwájú ẹ̀rọ agbóhùnsókè yẹn gan-an."

Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta, Ọlábánjí dúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ó kàn dúró bẹ́ẹ̀. Mọ́tò ń fun fèrè, ẹnì kan ń polówó ẹ̀pà, àwọn ọmọléèwé ń pe orúkọ ara wọn. Àyìnkẹ́ kò kán an lójú. Ó di àpò rẹ̀ mú, ó dúró tì í.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlábánjí gbé gìtá náà lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Bernice. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi na ọwọ́ sí píkọ́ọ̀pù tó tẹ́ẹ́rẹ́ lára gìtá.

"Ó gún ọ létí."

"Ó gún mi gan-an, mà. Ajá ilé kejì ò tíì dárí jì mí."

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọlábánjí fẹ́ gbọ́ kó tó mú. Ó yọ èyí tó mú náà, ó fi wáyà tí ẹnu rẹ̀ ń di nǹkan mú bí ẹnu ẹja so ti àárín, ó gbé e sábẹ́ okùn, ó ta orin kékeré kan. Ó tún so èyí tó fẹ̀ sí i, ó ta orin kan náà. Àǹtí Bernice di ojú rẹ̀, ó ń mi orí.

"Èyí tó fẹ̀ yìí ni. Ó dùn bí oyin."

Ọlábánjí tún ta méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn èyí tó fẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ìka rẹ̀ bá ti ń sáré, ó ń gbé ohùn kan mì sínú òmíràn. Ti àárín ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò ní gba etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ó mọ ìyàtọ̀ wọn.

"Rárá mà. Ti àárín yìí ni."

"Etí tìrẹ ni yóò máa gbọ́ ọ," ni Àǹtí Bernice wí, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìn láti lọ pèsè tíì.

Orí tábìlì obìnrin náà ni Ọlábánjí ti lẹ píkọ́ọ̀pù náà mọ́ gìtá. Èyí kò nílò fáìlì, ihò rẹ̀ bá ti gìtá mu bí ẹni pé wọ́n ti ń retí ara wọn.

Nígbà tí Sátidé tún dé, ó gbé gìtá lọ sí Agboju. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin kìn-ín-ní. Ọlábánjí wọlé níbi tó ti máa ń wọlé, ohùn gìtá sì yọ sí òkè orin náà, ó mọ́, ó ń rìn fàájì. Sùrájù dá ìlù dúró láàárín orin.

"Bọ̀dá Bánjí, ẹ ti padà dé."

"Ibo ni mo lọ?"

Sùrájù wo Adébánjí tó ń ta gìtá olóhùn ńlá àti ẹnì kẹrin wọn, àwọn náà ń wo ilẹ̀. "Ohùn gìtá yín ti rẹlẹ̀ láti ọjọ́ yìí. A rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ. Adébánjí ní ó lè jẹ́ pé pásítọ̀ yín ló bá yín sọ̀rọ̀ pé kí ẹ dín in kù."

"Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ?"

"Gbogbo wa ni, sà."

"Kò wá sẹ́ni tó lè sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n wa," ni Adébánjí wí. "Báwo la ṣe fẹ́ wí i?"

Ọlábánjí ronú bí òun ì bá ti sun oorun tó dára tó látìgbà náà wá, ká ní ẹnì kan lára wọn yájú sí òun lẹ́ẹ̀kan péré. Kò bínú. Ó ní kí Sùrájù tún orin náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ta á títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó sí àga bákónì, ó ní òun kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Oúnjẹ jinná, ó tutù. Àwọn méjì láti ẹgbẹ́ akọrin wá kí wọn. Àyìnkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń hanrun.

"Ẹ má bínú," ló wí fún àwọn àlejò, ó sì fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí kíṣìnì. "Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ wá bá mi jẹun níbí."